Ọgbà ẹranko nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: ibi tí mo máa ń fò àti ibi tí mo máa ń jókòó sí

Láti ìgbà tí mo ti padà sílé sí Adó-Èkìtì láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣọ́ọ̀bù mi ní Ajílósùn ti di ibi tí àwọn tó ń múra ìrìn àjò máa ń yà sí. Wọ́n á béèrè nípa ilé gbígbà, iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó, àti bí òtútù ṣe le tó. Kò sẹ́ni tó ń béèrè nípa ọgbà ẹranko. Bẹ́ẹ̀, ẹ ò ní pẹ́ débẹ̀ tí ọmọ yín á fi mú ìwé bọ̀ láti ilé ìwé pé kíláàsì àwọn ń lọ wo kìnnìún, tàbí kí ìsinmi dé kó máa sunkún pé gbogbo ẹgbẹ́ òun ló ti lọ. Owó ńlá ni ẹ ó san níbẹ̀, ìrìn ẹsẹ̀ ibẹ̀ náà kì í ṣe kékeré.

Oṣù kejì ọdún ni a kọ́kọ́ lọ. Ẹnu ọ̀nà ni mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, mi ò mọ̀ pé ó máa ń dínwó tí èèyàn bá ti rà á sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo wá sọ lọ́kàn mi pé gbogbo ohun tí wọ́n yà sínú ìwé tí wọ́n fún wa la máa wò, kí owó wa má bàa ṣòfò. Nígbà tó fi máa di aago méjì, àbúrò ti sùn lẹ́yìn mi, ẹ̀gbọ́n ń sunkún, ìka ọwọ́ bàbá wọn ti kú tipiri. Ọgbà tó ṣófo la kàn ń wò káàkiri, nítorí àwọn ẹranko tó ti ilẹ̀ olóoru wá ti sá wọ yàrá wọn. Títí di òní, òtútù nìkan ni àwọn ọmọ mi rántí nípa ọjọ́ náà. Ìgbà yẹn ni mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń fo nǹkan. Owó tí ẹ ti san ti lọ. Ẹ má jẹ́ kó tún máa lé yín kiri.

Kìnnìún ni mo kọ́kọ́ máa ń fò. Mo mọ̀ pé òun gan-an ni àwọn ọmọ ń wá, ṣùgbọ́n kìnnìún lè fi ogún wákàtí sùn nínú ọjọ́ kan. Ẹ ó dúró nídìí gíláàsì, èrò á tì yín síwá sẹ́yìn, ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ ó sì rí. Àwọn tó wà ní London Zoo kì í tilẹ̀ í ṣe ará Áfíríkà. Ìran kìnnìún ilẹ̀ Íńdíà ni wọ́n, ti igbó Gir ní Gujarat. Tiwa tó ṣẹ́kù ní Nàìjíríà, Yankari àti Kainji ni wọ́n wà. Ẹ ṣàlàyé ti ẹkùn náà fún àwọn ọmọ: onílà gbọọrọgbọọrọ tí wọ́n ń pè ní tiger, ilẹ̀ Éṣíà ló ti wá. Ẹkùn tí à ń kì nínú oríkì, alámì tótòtótó ni, leopard ni òyìnbó ń pè é. Tí àwọn ọmọ bá ta kú pé àfi dandan kí àwọn rí kìnnìún, ẹ wo pátákó ẹnu ọ̀nà, wọ́n máa ń kọ aago tí olùtọ́jú ẹranko yóò wá sọ̀rọ̀ síbẹ̀. Aago yẹn ni kí ẹ lọ.

Ilé ejò, èmi ò kì í wọ̀ ọ́. Bí mo ṣe rí nìyẹn, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni fara wé mi. London Zoo ló kọ́kọ́ kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ láyé, ní 1849, àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ sì pọ̀. Nígbà òtútù, inú rẹ̀ máa ń móoru dáadáa, nítorí náà bàbá àwọn ọmọ mi ló máa ń kó wọn wọlé, èmi á dúró ti kẹ̀kẹ́ ọmọ níta.

Ibi tí wọ́n kó ewúrẹ́, àgùntàn àti adìyẹ sí kí àwọn ọmọdé lè fọwọ́ kàn wọ́n, mo ti yí ọkàn mi padà lórí ìyẹn. Ní ọdún méjì àkọ́kọ́, mo máa ń sọ pé kí la fẹ́ fi owó wo ewúrẹ́ ṣe, àwa tí ewúrẹ́ ń jẹ iṣu wa nílé. Ṣùgbọ́n àbíkẹ́yìn mi, ọ̀hún ni mo bí i sí. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́ta kó tó fọwọ́ kan adìyẹ tó wà láàyè, ó sì pariwo ayọ̀ débi pé omi bọ́ lójú mi. Nítorí náà, tó bá jẹ́ pé Èkìtì ni ẹ ti kó àwọn ọmọ yín lọ, ẹ fò ó. Tó bá jẹ́ ọ̀hún ni ẹ bí wọn sí, ẹ má fò ó rárá. Kí ẹ ṣáà fi ọṣẹ fọ ọwọ́ wọn dáadáa lẹ́yìn rẹ̀ kí wọ́n tó jẹun, nítorí kòkòrò inú ìgbẹ́ ẹran máa ń fi inú rírun bá àwọn ọmọ kéékèèké jà, ó sì lè le gan-an.

Àwọn ẹranko kan wà tí ẹ kò tilẹ̀ ní láti fò, torí wọn kò sí níbẹ̀ mọ́. Àwọn àgbà wa ní bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin, ṣùgbọ́n ẹ ò lè rí i ní London Zoo. Láti 2001 ni wọ́n ti kó àwọn erin ibẹ̀ lọ sí Whipsnade, ọgbà wọn mìíràn, níbi tí ààyè gbé gbòòrò. Àwọn panda méjì tó wà ní Edinburgh náà ti padà sí Ṣáínà ní oṣù Kejìlá 2023. Àwọn kan ṣì ń sọ fún àwọn ọmọ wọn pé àwọn máa mú wọn lọ wo panda. Ẹ wo ojú ewé ọgbà náà kí ẹ tó ṣèlérí fún ọmọ.

Ó ku ti owó. Iye tí wọ́n bá kọ́kọ́ fi hàn yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó lè ní ọrẹ nínú. Ẹ wò ó dáadáa, iye tí kò ní ọrẹ máa ń wà nítòsí rẹ̀, kò sì sí ìtìjú nínú kí ẹ mú ìyẹn. Tí wọ́n bá bi yín nípa Gift Aid, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìjọba á fi pẹ́ńsì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lé gbogbo pọ́n-ún kọ̀ọ̀kan tí ẹ san fún ọgbà náà, láti inú owó orí yín. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì ń san owó orí níbẹ̀ kò gbọdọ̀ fọwọ́ sí i, nítorí wọ́n lè ní kó wá san owó náà padà. London Zoo àti àwọn mìíràn máa ń dín owó kù gan-an fún àwọn tó ń gba Universal Credit, ìyẹn owó ìrànwọ́ ìjọba fún àwọn tí owó wọn kò tó. Tí wọ́n bá kọ "no recourse to public funds" sí físà yín, pé ẹ kò lẹ́tọ̀ọ́ sí irú owó bẹ́ẹ̀, ẹ má torí tíkẹ́ẹ̀tì lọ béèrè fún owó ìrànwọ́ ìjọba o. Ó lè ba ìwé yín jẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú, tí aláìlera tí ẹ ń tọ́jú bá fẹ́ lọ, ọ̀pọ̀ ọgbà ló máa ń jẹ́ kí olùtọ́jú bá a wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó.

Ẹ gbé oúnjẹ yín dání. Ìrẹsì inú kúlà kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan ní gbogbo ibi tí mo lọ. Ẹni tó ń ya fọ́tò lẹ́nu ọ̀nà, ẹ kí i, kí ẹ kọjá, torí ẹ ó bá fọ́tò náà nígbà tí ẹ bá ń jáde, pẹ̀lú iye lórí. Wọ́n sì sábà máa ń gba ti inú ṣọ́ọ̀bù ohun ìṣeré ṣe ọ̀nà àbájáde. Ẹ ti bá ọmọ sọ̀rọ̀ nílé kí ẹ tó dé ibẹ̀.

Mo ti rí ẹni tó mú ọmọ kúrò nílé ìwé lọ́jọ́ Túsìdeè nítorí pé tíkẹ́ẹ̀tì dínwó. Ní England, láti oṣù Kẹjọ 2024, owó ìtanràn tí irú ìyẹn lè fà tó bá ń ṣẹlẹ̀ léraléra jẹ́ £80 fún òbí kọ̀ọ̀kan lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan, yóò sì di £160 tí ọjọ́ mọ́kànlélógún bá kọjá láìsan án. Ọjọ́ tí àwọn olùkọ́ ń gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́, tí ọmọ kì í lọ, ló dára jù, tí àwọn ilé ìwé yòókù kò bá sí nísinmi. Tó bá sì jẹ́ ilé ìwé ìjọba ló fẹ́ kó wọn lọ ní àkókò ẹ̀kọ́, ọrẹ àtọkànwá ni owó tí wọ́n ń béèrè. Wọn kò gbọdọ̀ fi ọmọ yín sílẹ̀ nítorí pé ẹ kò rí i san. Òru méjì ni mi ò fi sùn lórí ọ̀rọ̀ yìí kí ẹnìkan tó là mí lóye.

Ibi tí èmi kì í fò láéláé ni ọ̀dọ̀ àwọn ìnàkí, àwọn tí òyìnbó ń pè ní chimpanzee. Wọ́n wà ní Chester, wọ́n wà ní Edinburgh, wọ́n sì wà ní Twycross, tí kò jìnnà sí Leicester tí a gbé. Wọn kì í sùn bíi kìnnìún. Wọ́n á jà, wọ́n á parí ìjà, ìyá á máa yọ ìdọ̀tí kúrò lára ọmọ. Ẹ má kan gíláàsì wọn, ẹ má sì ju ẹ̀pà sí wọn. Ẹ kàn jókòó, ó kéré tán ìdajì wákàtí. Ọmọ Ìsẹ̀-Èkìtì ni mí, igbó ìjọba tó wà ní ìlú wa sì jẹ́ ọ̀kan nínú ibi díẹ̀ tí ìnàkí ṣì kù sí nílẹ̀ Yorùbá. Ìran tiwọn, Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù nìkan ló wà, òun ló sì ṣọ̀wọ́n jù nínú gbogbo ìran ìnàkí. Àwọn agégẹdú àti àwọn tó ń dáko ń jẹ igbó náà mọ́ wọn lára lójoojúmọ́. Mo dàgbà níbẹ̀ láì rí ẹyọ kan. Leicester ni mo lọ kó tó di pé mo rí ojú ìnàkí.

Ọmọ mi ọkùnrin bi mí lórí bẹ́ǹṣì tí a jókòó sí bóyá àwọn ti Ìsẹ̀ náà máa ń wo èèyàn báyìí. Mo pe bàbá mi lórí fóònù, torí oko kòkó wọn wà létí igbó náà. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Sọ fún ọkọ mi pé àwọn tibí kì í jẹ́ ká rí wọn. Ariwo wọn là ń gbọ́ láàárọ̀, bíi tàwọn tó ń jà. Tó bá wálé, ká jọ lọ gbọ́ ọ."