Ẹ wé okùn mọ́ ọ̀pá ìwọ̀
Ẹ̀yin apẹja odò, bí ẹ bá ń fi ekòló dẹ ẹja, ẹ má so okùn mọ́ ojú ìwọ̀, ìyẹn ihò orí rẹ̀, nìkan. Ẹ wé e mọ́ ọ̀pá ìwọ̀, ìyẹn irin tó gùn láti ojú rẹ̀ dé ibi tó ti tẹ̀, kí okùn lè fa ìwọ̀ gbọọrọ, kí ẹnu rẹ̀ sì tètè kọ́ ẹja.

Ẹ gé okùn ọ̀rá bíi sẹ̀ǹtímítà 40, kó tẹ́ẹ́rẹ́ ju okùn ńlá tí ẹ máa so ó mọ́ lọ. Bí ìwọ̀ bá há sábẹ́ igi, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ yìí nìkan ni yóò já. Ẹ ti orí okùn náà bọ ojú ìwọ̀ láti ìhà tí ẹnu ìwọ̀ wà, ẹ fa sẹ̀ǹtímítà 15 kọjá, ẹ tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá, kí ẹ wá ṣẹ́ ẹ padà bí òrùka. Ẹ fi orí rẹ̀ wé ọ̀pá àti okùn pọ̀ nígbà 7, kó máa gba inú òrùka náà kọjá.

Ẹ fi itọ́ rin ín kí ẹ tó fà á le: ọ̀rá gbígbẹ máa ń gbóná, agbára rẹ̀ a sì dín kù. Níbi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà gan-an, okùn á gun ara rẹ̀. Títò ni kó tò. Bó bá gùn ún, ẹ tú u, ẹ má rò pé yóò ṣe é.

Ìwọ̀ tí kò lójú, tí orí rẹ̀ pẹlẹbẹ, wíwé náà ni tirẹ̀.