Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Pa Kámẹ́rà Onífíìmù Mọ́ Wa Lọ́wọ́

Láti bí ọdún mélòó kan ni àwọn ọ̀dọ́ Ìlọrin ti tún ń gbé kámẹ́rà onífíìmù kọ́rùn. Àwọn kan jogún tiwọn lọ́wọ́ bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n bàbá tó ṣiṣẹ́ fọ́tò rí, àwọn mìíràn ra tòkunbọ̀. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rí Pentax K1000 tàbí Canon AE-1 lọ́rùn ẹnì kan ní Ọjà-Ọba. Ohun tó ń dùn mí ni pé púpọ̀ nínú wọn kì í rí fíìmù kejì yà kí wọ́n tó dákẹ́, olówó wọn á sì ní ogbó ló pa á. Ogbó kọ́. Ọdún 1976 ni K1000 jáde, wọn ò sì dẹ́kun ṣíṣe é títí di 1997. Èyí tí wọ́n tọ́jú nínú wọn ń ṣiṣẹ́ di bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ọwọ́ wa ló ń pa á, ọwọ́ líle pàápàá.

Ẹ má fi agbára fa fíìmù

Bí irin tí ẹ fi ń fa fíìmù síwájú bá dédé le, ẹ dúró. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé fíìmù ti tán. Fọ́tò 36 ló wà nínú ọ̀pọ̀ fíìmù, inú agolo rẹ̀ ni ìdí rẹ̀ sì ti so mọ́ òpó kékeré kan. Ẹni tó bá rò pé òun lè rí ẹyọ kan sí i, tó wá ń fi tipátipá fà á, á fa ihò etí fíìmù ya, tàbí kó já a kúrò lára òpó náà. Bó bá ti já, kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ ká a padà sínú agolo. Ẹ má ṣí kámẹ́rà náà níta o. Inú yàrá tó ṣókùnkùn biribiri ni kí ẹ gbé e wọ̀, ní òru, kí ẹ tún fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ara yín, kí ẹ yọ fíìmù náà síbẹ̀, kí ẹ sì kó o sínú agolo tí ìmọ́lẹ̀ kò lè wọ̀ títí tí yóò fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó máa fọ̀ ọ́.

Kíká fíìmù padà náà ní tirẹ̀. Bọ́tìnì kékeré kan wà nísàlẹ̀ kámẹ́rà. Òun ni ẹ máa kọ́kọ́ tẹ̀ kí ẹ tó yí ọwọ́ ìkápadà lókè. Àwọn tí kò mọ̀ á kàn máa yí i tagbáratagbára, eyín inú ẹ̀rọ á sì máa jẹ fíìmù. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnì yẹn tán, ó máa ń fúyẹ́. Ẹ máa yí i síbi tí àmì ọfà kọjú sí títí ẹ ó fi rí i pé ó le díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tó sì tún fúyẹ́ pátápátá. Ìgbà náà ni kí ẹ ṣí ẹ̀yìn.

Èyí tó burú jù, tí kì í tilẹ̀ ba kámẹ́rà jẹ́, ni fíìmù tí kò gbá mọ́ òpó kejì, èyí tó wà nínú kámẹ́rà fúnra rẹ̀ tó ń ká fíìmù bí ẹ ṣe ń fà á, nígbà tí ẹ ń fi í sí i. Ẹni náà á lọ síbi Dọ́bà Iléyá, ayẹyẹ ẹlẹ́ṣin ìlú wa, á ya ẹṣin, á ya àwọn onígangan, nọ́ńbà orí kámẹ́rà á máa gòkè dáadáa, nígbà tí fíìmù kò kúrò níbi tó wà rárá. Nọ́ńbà yẹn kò mọ̀ bóyá fíìmù ń lọ, iye ìgbà tí ẹ fa irin nìkan ló mọ̀. Ọwọ́ ìkápadà tó wà lápá òsì ni kí ẹ máa wò. Ẹ kọ́kọ́ yí i díẹ̀ títí fíìmù á fi le dáadáa, kí ẹ wá fa irin. Bí ọwọ́ náà kò bá yí bí ẹ ṣe ń fà, fíìmù kò lọ, ẹ ṣí i kí ẹ tún un fi. Ẹ wá ibòòji ṣe é.

Bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí

Mo ti rí AE-1 tí wọ́n fẹ́ tà ní ìwọ̀nba owó táṣẹ́rẹ́ nítorí pé "ó ti kú", bẹ́ẹ̀ bátìrì ló tán. Iná bátìrì ló ń ṣí ṣọ́tà AE-1, ìyẹn aṣọ inú kámẹ́rà tó ń ṣí kí ìmọ́lẹ̀ lè kan fíìmù, bátìrì fólítì mẹ́fà sì ni (4LR44 ni wọ́n ń kọ sí i lára). Láìsí i, ẹ lè tẹ̀ ẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní dáhùn. K1000 kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣọ́tà tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́ láìsí bátìrì, mítà ìmọ́lẹ̀ nìkan ni LR44 inú rẹ̀ wà fún, irú bátìrì pẹlẹbẹ tí àwọn tó ń tún aago ṣe máa ń tà. Kò ní bọ́tìnì tí ẹ fi ń pa mítà yìí. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń wọ lẹ́ńsì, bátìrì ń lọ nìyẹn. Ẹ máa fi ìdérí dé ojú lẹ́ńsì.

Àwọn kan bíi Olympus OM-1 ń lo bátìrì mẹ́kúrì 1.35 fólítì tí wọn kì í ṣe mọ́. Bí ẹ bá fi bátìrì lásán oní 1.5 rọ́pò rẹ̀, mítà á máa rò pé ìmọ́lẹ̀ pọ̀ ju bó ṣe wà lọ, fọ́tò á sì dúdú. Bátìrì ẹ̀rọ ìgbọ́ràn oní 675, tí àwọn ilé oògùn kan ń tà, sún mọ́ 1.35 dáadáa, òrùka kékeré ló kàn nílò kó lè jókòó. Kámẹ́rà tí ẹ kò bá ní lò fún oṣù mélòó kan, ẹ yọ bátìrì rẹ̀ kúrò, kó má baà da omi sínú rẹ̀.

Fóòmù àti jígí

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé K1000 bàbá rẹ̀ wá láti Òmù-Àrán. Inú àpótí ló ti wà láti ìgbà tí bàbá ti ṣíwọ́ iṣẹ́. Nígbà tí mo yọ lẹ́ńsì, fóòmù tó yẹ kí jígí (èyí tó ń gbé àwòrán lọ síbi tí ẹ fi ojú wò) máa rọra kàn lókè ti yọ́, ó ń lẹ̀ mọ́ ìka bí ọ̀dà ojú títì tí oòrùn mú rọ̀. Ó ti kán sórí jígí. Ilà wínníwínní sì wà káàkiri jígí náà. Mo bi í ohun tó fi kàn án.

"Ẹ̀gbọ́n, etí síńgílẹ́ẹ̀tì mi ni mo fi nù ún. Mo kàn fẹ́ kó mọ́ ni."

Jígí inú kámẹ́rà kò dà bí ti inú ilé. Ti ilé, ẹ̀yìn gíláàsì ni fàdákà rẹ̀ wà. Ti kámẹ́rà, iwájú gan-an ló wà, láìsí ohun tó bò ó. Aṣọ tó rọ̀ jù lọ lè họ ọ́. Fèrè rọ́bà tí a fi ń fẹ́ eruku ni kí ẹ lò, ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ máa ń bá a jáde. Ìtùnú ibẹ̀ ni pé ilà ara jígí kì í hàn nínú fọ́tò, ojú tí ẹ fi ń wò ló ń dí. Fóòmù etí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn ló lè ba fọ́tò jẹ́: bó bá ti jẹrà, ìmọ́lẹ̀ á gba ibẹ̀ wọlé, àmì pupa tàbí olómi ọsàn á sì máa hàn létí àwòrán. Ẹ fi igi pẹlẹbẹ ha èyí tó gbó, ẹ fi òwú àti ọtí ìpara nu ibẹ̀, kí ẹ lẹ tuntun. Ẹ má jẹ́ kí ọtí náà kan ṣọ́tà.

Epo máṣíìnì

Rárá. Bí ṣọ́tà bá ń lọ́ra, ẹ̀yin tí ẹ ń fún ara yín nímọ̀ràn láti kán epo máṣíìnì ìránṣọ sí i, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́. Ooru Ìlọrin á mú epo náà rìn dé orí aṣọ ṣọ́tà àti abẹ inú lẹ́ńsì (àwọn irin pẹlẹbẹ tó ń sọ ojú rẹ̀ di kékeré tàbí ńlá), eruku ọyẹ́ á wá lẹ̀ mọ́ ọn. Nínú irú kámẹ́rà yìí, ojú lẹ́ńsì máa ń wà ní ṣíṣí gbalaja nígbà tí ẹ ń wò ó, ìgbà tí ẹ bá tẹ bọ́tìnì ló ń pa dé ìwọ̀n tí ẹ yàn. Bí epo bá mú abẹ wọ̀nyẹn lọ́ra, fọ́tò á ti wọlé kí wọ́n tó pa dé, gbogbo àwòrán á funfun báláú. Ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n tú ni kí ẹ gbé e lọ.

Ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ àti fíláàṣì

Ẹ máa yí nọ́ńbà ISO (tó ń sọ bí fíìmù ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ sí) sí ti fíìmù tó wà nínú rẹ̀. Kámẹ́rà àtijọ́ kò lè ka ara agolo fúnra rẹ̀. Bó bá wà lórí 400 tí ẹ fi fíìmù 100 sí i, ìdá mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ tó yẹ nìkan ni fíìmù á rí.

Mítà náà sì máa ń tan ènìyàn níbi Dọ́bà. Ó gbà pé àwọ̀ eérú ni gbogbo ohun tó wà níwájú òun. Bí ẹ bá kọ ọ́ sí àwọn tó wọ bàbáńrìgá funfun, tí wọ́n wé láwàní funfun, á ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù. Bí ẹ bá gbọ́ tirẹ̀, aṣọ àwọn ọmọ ọba á jáde bí aṣọ tí kò mọ́, ojú wọn á sì ṣú. Bó bá ní kí ṣọ́tà ṣí fún 1/500 ìṣẹ́jú àáyá, ẹ lo 1/250, kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé ní ìlọ́po méjì. Tàbí kí ẹ wọn ìmọ́lẹ̀ lára koríko tútù tó wà nínú oòrùn kan náà, kí ẹ má yí i padà mọ́.

Níbi yìgì síso nínú ilé, tí ẹ bá fi fíláàṣì sí i, ẹ má kọjá 1/60 lórí K1000 tàbí AE-1. Bí ẹ bá lo 1/250, aṣọ ṣọ́tà kejì, èyí tó ń pa á dé, á ti bo apá kan fíìmù nígbà tí fíláàṣì bá kọ, ẹ̀gbẹ́ kan fọ́tò á dúdú kirikiri. Ìyàwó lè wà níbẹ̀ kí ọkọ má sí.

Òjò àti ọyẹ́

Lẹ́ńsì máa ń bu bí búrẹ́dì ṣe ń bu. Ẹ máa rí okùn wẹ́wẹ́ bíi ti aláǹtakùn nínú gíláàsì. Àpò aláwọ tó bá kámẹ́rà wá gan-an ló ń fa ọ̀rinrin mọ́ra jù. Lásìkò òjò, ẹ yọ kámẹ́rà kúrò nínú rẹ̀, ẹ kó o sínú ike tó dé dáadáa pẹ̀lú àwọn àpò kékeré tí ń fa omi tó máa ń wà nínú páálí bàtà. Bí ẹ bá lọ ya ọ̀sọ̀rọ̀ omi Òwu, ẹ jẹ́ kó gbẹ dénú kí ẹ tó tọ́jú rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, ẹ má pààrọ̀ lẹ́ńsì nínú afẹ́fẹ́. Ní gbogbo ìgbà, ẹ má fi fíìmù sínú mọ́tò tó wà nínú oòrùn.

Kí ẹ tó sanwó

Ẹ má ra kámẹ́rà láì dán an wò. Ẹ ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ kọ lẹ́ńsì sí ojú fèrèsé, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ láti ìṣẹ́jú àáyá kan títí dé 1/1000. Ó yẹ kí ẹ rí ìmọ́lẹ̀ ní gbogbo rẹ̀, kó sì máa yára sí i. Ẹ fetí sí ti ìṣẹ́jú àáyá kan: bó bá há sáàárín, tàbí tí jígí kò sọ̀kalẹ̀ padà, ẹ dín owó náà kù tàbí kí ẹ dá a padà fún olówó rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ lẹ́ńsì, ẹ ti irin kékeré ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ wo bí abẹ rẹ̀ ṣe ń pa dé. Wéré ló yẹ kó ṣe é.