Síse sírọ́ọ̀pù mépù lẹ́yìnkùlé: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Ẹni tó bá kọ́kọ́ tọ́ oje igi mépù wò, igi ilẹ̀ olótùútù tí wọ́n ń se oje rẹ̀ di sírọ́ọ̀pù, máa ń rò pé omi lásán ni wọ́n bù fún òun. Ó tutù, ó mọ́ gaara, adùn rẹ̀ dà bí ti omi tí wọ́n fi ṣan ife tíì. Ṣúgà inú rẹ̀ kì í sábà ju nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 lọ, ìdí nìyẹn tí nǹkan bí lítà 40 fi ń lọ sórí iná kí lítà sírọ́ọ̀pù kan ṣoṣo tó jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi 40 yẹn sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àṣìṣe àwa tí a ń fi ohun èlò tí a fọwọ́ ara wa ṣe sè é ti ń wá. Omi ló ń bá oru lọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó bá kù, ì báà dára, ì báà burú, inú páànù ló máa ki sí.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí korobá. Korobá tó ti gbé ọ̀dà tàbí kẹ́míkà rí kò yẹ fún oje, bó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó. Ọdún kan, mo gba oje sínú korobá tí wọ́n fi kó kùkúḿbà oníkíkan. Mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, imú mi kò gbọ́ òórùn kankan mọ́. Nígbà tí sírọ́ọ̀pù jinná, aáyù ni gbogbo ilé ń gbọ́. Èyí tó léwu jù ni korobá páànù àtijọ́ tí àwọn èèyàn ń tà ní ọjà ohun ìgbà ìwáṣẹ̀ níbí ní Vermont, ní Amẹ́ríkà. Ó lẹ́wà, àmọ́ òjé ni wọ́n fi jó ojú ọ̀pọ̀ nínú wọn pọ̀. Oje àti òjé kò gbọdọ̀ pàdé, pàápàá bí ọmọdé bá wà nílé tí yóò jẹ ẹ́.

Ní ti igi, ẹ sàmì sí i nígbà tí ewé ṣì wà lórí rẹ̀, torí nínú yìnyín, gbogbo igi jọra lójú ẹni tí kò tíì mọ̀ wọ́n. Èyí tí kò bá tíì fẹ̀ tó íǹṣì 10 sí 12 ní ọ̀gangan àyà, ẹ fi í sílẹ̀. Ihò jíjìn íǹṣì kan ààbọ̀ ti tó, kí inú rẹ̀ ga díẹ̀ ju ẹnu rẹ̀ lọ kí oje lè ṣàn jáde. Tí ẹ bá ń fi òòlù gbá páìpù kékeré tí oje máa gbà jáde wọ inú ihò náà, ẹ dẹtí: ìró rẹ̀ máa yí padà, á wúwo, nígbà tó bá jókòó dáadáa. Ẹni tó bá tún gbá a lẹ́yìn ìyẹn ti la igi nìyẹn, ẹ̀gbẹ́ páìpù ni oje á sì máa gbà ṣòfò. Ẹ má padà sí ihò èṣí, ẹ má sì gbẹ́ tuntun sí ìtòsí rẹ̀. Igi inú ibẹ̀ ti di dúdú, oje kì í gba ibẹ̀ kọjá mọ́.

Ẹmu àárọ̀ kì í jọ ẹmu ìrọ̀lẹ́, oje mépù náà kì í ṣe ohun tí à ń tọ́jú sínú oòrùn. Ẹ fi yìnyín yí korobá ká, kí ẹ sì sè é láàárín ọjọ́ díẹ̀. Bó bá ti funfun bí omi ògì, ó ti ń bàjẹ́. Bákan náà, tí igi bá ti ń wú láti rúwé, ẹ yọ páìpù, kí ẹ dáwọ́ dúró. Sírọ́ọ̀pù oje ìgbà yẹn máa ń ní adùn burúkú tí kò ṣeé tún ṣe.

Ẹ má ṣe sè é nínú ilé ìdáná láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣírò ó wò: lítà 39 omi ni yóò di oru kí ẹ tó rí lítà kan. Ara ògiri àti inú kọ́bọ́ọ̀dù ni yóò gbà á. Ìta ni ibi tó yẹ. Búlọ́ọ̀kù, dúrọ́ọ̀mù, títí kan kọ́bọ́ọ̀dù irin tí wọ́n fi ń kó fáìlì ní ọ́fíìsì, gbogbo wọn ni èèyàn ń sọ di ààrò. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ dá iná ńlá sínú rẹ̀ láìgbé páànù lé e, kí ọ̀dà ara rẹ̀ lè jóná tán, kí ẹ sì dúró síbi tí èéfín rẹ̀ kò ti ní bá yín. Dúrọ́ọ̀mù tó ti gbé epo bẹntiróòlù rí, ẹ má gé e rárá. Ó lè bú gbàmù mọ́ yín lọ́wọ́. Páànù stainless ni kí ẹ fi sè é, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi síǹkì bò.

Oje inú páànù kò gbọdọ̀ lọ sílẹ̀ ju íǹṣì kan ààbọ̀ lọ. Bó bá ń hó bọ̀ sókè bí ọṣẹ, bọ́tà tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ á mú un wálẹ̀.

Ìgbà tó bá kù díẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ jù. Látàárọ̀ ni ẹ ti ń koná, ó ti rẹ̀ yín, oje kò sì yí padà lójú. Lójijì ló máa pọ́n, tí ìhó rẹ̀ á di wẹ́wẹ́. Láti ibẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló wà láàárín sírọ́ọ̀pù àti èédú. Ẹ dà á sínú ìkòkò kékeré, kí ẹ gbé e lọ sórí sítóòfù nínú ilé tí ẹ ti lè dín iná kù, kí ẹ má sì kúrò nídìí rẹ̀, kódà bí fóònù bá ń dún.

Ọ̀pọ̀ ló ń wo tẹmọ́mítà, tó bá ti kan 104°C, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀. Bí mo ṣe ṣe é nìyẹn, ọ̀pọ̀ ìgò mi sì so ṣúgà gbagidi nísàlẹ̀. Ibi tí ilé wa wà ga, 99°C ni omi ti ń hó níbẹ̀. Ìwọ̀n gidi ni dígírì 4 lókè ibi tí omi lásán ti hó lọ́dọ̀ yín lọ́jọ́ yẹn gan-an, torí afẹ́fẹ́ ń yí i padà láti ọjọ́ dé ọjọ́. Ẹ kọ́kọ́ se omi díẹ̀, kí ẹ kà á. Lẹ́yìn náà, ẹ ti ṣíbí bọ sírọ́ọ̀pù, ẹ gbé e sókè. Bí kò bá tíì jinná, á máa kán tó, tó, bí omi. Bó bá jinná, ẹ̀kán méjì á rìn pàdé ara wọn létí ṣíbí, wọ́n á fẹ̀, wọ́n á rọ̀ bí etí aṣọ kí wọ́n tó já.

Ẹ sẹ́ ẹ nígbà tó ṣì gbóná, nínú asẹ́ onírun tó nípọn, kí iyanrìn ṣúgà, ìyẹn gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó dà bí iyanrìn nínú sírọ́ọ̀pù, lè kúrò. Ẹ má fún asẹ́ yẹn, ẹ má sì fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ láé. Omi gbígbóná nìkan. Ìgò gbọ́dọ̀ gbà á ní 82 sí 85°C, kí ẹ dé e, kí ẹ sì dà á dùbúlẹ̀ díẹ̀ kí ooru lè kan ìdérí. Èyí tó bá tutù kó tó wọ ìgò máa ń hu èbu. Ìgò tí ẹ bá sì ti ṣí, inú fíríìjì ni kó máa gbé.