Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ọrùn ọwọ́ mi, ọwọ́ tún ń kú

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Aránṣọ ni mí. Ọdún kejì rèé tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ carpal tunnel (ihò tóóró ọrùn ọwọ́ tí iṣan ìmọ̀lára ń gbà kọjá) fún ọwọ́ ọ̀tún mi. Fún oṣù mẹ́wàá, mo ń sùn dáadáa. Ní báyìí, àtàǹpàkò, ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín tún ń kú lóru. Wọ́n ní àwọn á tún un ṣe. Ṣé yóò gbà?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìfaradà, mà. Oṣù mẹ́wàá tí ẹ fi sùn yẹn ló sọ̀rọ̀ jù. Ká ní ara ò tù yín rárá ni, n bá ní bóyá wọn ò gé ọ̀já líle tó dábùú ọrùn ọwọ́ tán. Ká ní ìrora tuntun ló bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ̀rù á bà mí pé ọ̀bẹ kan iṣan ìmọ̀lára. Àmọ́ kó tù, kó tún padà? Àpá ló sábà máa ń fà á: ó lẹ̀ mọ́ iṣan náà, kò jẹ́ kó yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀.

Ìbéèrè: Kí ni kí n ní kí wọ́n yẹ̀ wò kí n tó buwọ́ lùwé?

Ìdáhùn: Ọrùn yín, mà. Iṣan tí nǹkan há mọ́ ní ọrùn lè mú àtàǹpàkò kú bákan náà. Lẹ́yìn ìyẹn, àtọ̀gbẹ àti àìsàn thyroid, ẹṣẹ́ tó wà níwájú ọrùn. Kí wọ́n tún ṣe àyẹ̀wò bí iṣan ṣe ń gbé iná, kí wọ́n sì fi ti àtijọ́ wé e. Bí abẹ́rẹ́ sitẹ́rọ́ọ̀dì, oògùn tó ń mú wíwú rọlẹ̀, bá mú un rọlẹ̀ fúngbà díẹ̀, àmì rere ni fún iṣẹ́ abẹ náà.

Ìbéèrè: Báwo ni ti ẹlẹ́ẹ̀kejì ṣe yàtọ̀?

Ìdáhùn: Ojú ọgbẹ́ á gùn. Lókè, níbi tí ọ̀bẹ ò dé rí, ni wọ́n á ti rí iṣan náà kí wọ́n tó tọ̀ ọ́ wọnú àpá. Àwọn mìíràn máa ń ṣí ọ̀rá ìhà ọmọńdinrín bò ó bí ìrọ̀rí, kí àpá má tún lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ bi dókítà yín léèrè bóyá ó ti ṣe irú rẹ̀ rí. Ìbéèrè yẹn kì í ṣe àrífín. Iṣẹ́ abẹ ẹlẹ́ẹ̀kejì máa ń ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kì í sábà dára tó ti àkọ́kọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ tètè máa ká ìka, kí ẹ máa nà án, bí wọ́n bá ṣe kọ́ yín.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè sún un di ẹ̀yìn ọdún? Iṣẹ́ pọ̀.

Ìdáhùn: Bí kíkú òru nìkan bá ni, ẹ lè kọ́kọ́ máa fi ike tó mú ọrùn ọwọ́ dúró gbọọrọ sùn. Ṣùgbọ́n bí ẹran ìdí àtàǹpàkò bá ti ń joro, tàbí abẹ́rẹ́ ìránṣọ ń já bọ́ lọ́wọ́ yín, ẹ padà lọ rí wọn lọ́sẹ̀ yìí.