Ẹ̀ẹ̀kan Ni Wọ́n Ń Bini: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nílé Olùgbàlejò Lókè Òkun

Tí ẹ bá bá ètò pàṣípààrọ̀ rìnrìn-àjò, tí ẹ dé sílé ìdílé kan lókè òkun, tí olùgbàlejò yín ní Jámánì tàbí Amẹ́ríkà sì bi yín pé ṣé ẹ máa jẹun, ẹ má ṣe sọ pé ẹ ti yó nígbà tí ebi ń pa yín. L'Óṣogbo, onílé mọ̀ pé ojú ló ń ti àlejò. Yóò rọ̀ yín lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, títí ẹ ó fi fọwọ́ jẹun. Lọ́hùn-ún, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń bini. Ohun tí ẹ bá sọ ni wọ́n máa gbà gbọ́, wọn á kó abọ́ kúrò, ẹ ó sì sùn tebi-tebi. Àṣìṣe yìí ló bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kù: àlejò dákẹ́ nítorí ọmọlúàbí, onílé rò pé kò síṣòro.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ béèrè aago tí wọ́n ń jẹun àti ohun tí ẹ lè fọwọ́ ara yín mú nínú fíríìjì. Nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Jámánì, búrẹ́dì àti wàràkàṣì ni oúnjẹ alẹ́, ọ̀sán ni wọ́n ti jẹ èyí tó gbóná. Ẹ má ṣe fi ti ọ̀sán ṣeré nítorí pé ẹ ń retí ọbẹ̀ lálẹ́.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí, ẹ má dúró di ìgbà tí oúnjẹ bá dé orí tábìlì. Inú fọ́ọ̀mù ètò náà tí ẹ kọ kí ẹ tó gbéra ni kí ẹ ti sọ ọ̀rọ̀ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti ọtí. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ máa ń wà nínú sọ́séèjì láìjẹ́ pé ojú rí i. Bí ìrìn-àjò bá bọ́ sínú Ràmàdáànì, ẹ sọ aago tí ẹ máa jí jẹ sààrì, kí onílé má baà gbọ́ ìró ìkòkò lóru kó rò pé olè ti wọlé.

Balùwẹ̀ ni àṣìṣe ti ń di owó. Ilẹ̀ balùwẹ̀ tiwa ní ihò tí omi ń gbà jáde. Nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Amẹ́ríkà, ìta ọpọ́n ìwẹ̀ kò ní ihò kankan, pákó ló sì wà lábẹ́ ilẹ̀ yẹn, pẹ̀lú àjà yàrá ìsàlẹ̀. Tí ẹ bá jẹ́ kí etí kọ́tìnì wà níta ọpọ́n, omi á máa tọ̀ ọ́ sọ̀ kalẹ̀, á rin pákó, àjà ìsàlẹ̀ á ní àbàwọ́n tó dà bí omi tíì. Ẹ wọ inú ọpọ́n, ẹ fa etí kọ́tìnì sínú, kí ẹ tó ṣí omi. Omi tútù ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí, kí ẹ wá máa fi gbígbóná kún un díẹ̀díẹ̀. Ẹ nu ara àti ẹsẹ̀ nínú ọpọ́n kí ẹ tó jáde. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó. Omi gbígbóná inú táǹkì máa ń tán, ẹni tó bá kàn á sì wẹ tútù.

Òṣogbo ìlú aró ni wá, àdìrẹ sì ni ẹ̀bùn tó yẹ wá jù. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ láró lọ láìfọ̀. Aró tí kò tíì mú dáadáa á ràn mọ́ àga funfun onílé, tí wọ́n bá sì jù ú sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ pẹ̀lú tiwọn, ṣẹ́ẹ̀tì funfun á di aláró. Nílé ni kí ẹ ti fi ọwọ́ ṣàn án nínú omi tútù, lọ́pọ̀ ìgbà, títí omi á fi mọ́ gaara, kí ẹ sá a síbòòji. Ẹ sọ fún wọn pé òun nìkan ni kí wọ́n máa fọ̀, nínú omi tútù.

Ẹ má di ẹran gbígbẹ tàbí wàrà sẹ́rù. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, tí Jámánì wà nínú rẹ̀, kò gbà kí arìnrìn-àjò kó wọn wọlé láti ọ̀dọ̀ wa. Ní Amẹ́ríkà, gbogbo oúnjẹ tó wà lọ́wọ́ yín lẹ gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ ní pápákọ̀ òfuurufú.

Iná Amẹ́ríkà náà yàtọ̀. Fóòtì 120 ni tiwọn, 230 ni tiwa. Áyọ́ọ̀nù tí ẹ gbé láti ilé kò ní gbóná tó. Kílípà tí ẹ rà níbẹ̀ tó jẹ́ 120 nìkan á jó tí ẹ bá kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì l'Óṣogbo. Èyí tí wọ́n kọ 100-240 sí lára ló bá ibi méjèèjì mu. Tí ẹ bá fẹ́ dín ata, ẹ tan fáànù òkè sítóòfù, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ sì dín iná kù, torí èéfín ata lè mú kí áláàmù èéfín ké. Tó bá ké, ẹ má yọ bátìrì rẹ̀.

Bí àgbà bá ní kí ẹ pe òun ní Thomas, Thomas ni kí ẹ pè é. Ẹ wo ojú rẹ̀ tí ẹ bá ń bá a sọ̀rọ̀. Lójú tiwọn, ẹni tó ń wolẹ̀ ní nǹkan tó ń fi pamọ́. Tí wọ́n bá ní aago mẹ́fà ni ọkọ̀ máa gbéra, ẹ ti wà lẹ́nu ọ̀nà ní mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Èyí tó dùn wá jù ni kí àlejò máa bẹ onílé kó bá òun wá iṣẹ́ tàbí ìwé ìgbélùú, tàbí kó fún ẹbí ní nọ́ńbà onílé kí wọ́n máa pè é tọrọ owó. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lè pa ilẹ̀kùn náà dé mọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Nínú Group Study Exchange, ètò pàṣípààrọ̀ tí ẹgbẹ́ Rotary ṣe láti 1965 títí di 2013, ìdílé kan kọ́ ló máa ń gba àlejò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Irú ètò bẹ́ẹ̀ ṣì wà, òfin ilé kan kì í sì í ṣe ti èkejì. Ẹ tún gbogbo ìbéèrè yín bi ní ilé tuntun. Tí nǹkan bá fọ́, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ sọ fún onílé, ẹ má dúró di ìgbà tó bá rí i. Lówùúrọ̀ tí ẹ ń lọ, ẹ béèrè bóyá kí ẹ ká aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ sì fi kọ́kọ́rọ́ lé onílé lọ́wọ́.