Ẹ má tíì ta sípíkà àtijọ́ yẹn fún onírin
Ẹ̀yin ará wa, kí ẹ tó gbé sípíkà àtijọ́ fún àwọn tó ń ra àlòkù, ẹ fi ìka tẹ àárín rẹ̀ jẹ́jẹ́. Tó bá wọlé tó sì padà láìha, kọ́ìlì (wáyà tí wọ́n wé) inú rẹ̀ kò tíì tẹ̀. Ẹ wá fi bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo kan ẹnu wáyà rẹ̀ méjèèjì wò; tó bá dún "kọ̀", ẹ̀mí ṣì wà níbẹ̀.

Fóòmù etí rẹ̀ ló sábà máa ń jẹrà. Ẹ wọn fífẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó ra tuntun. Ẹ fi sípíríìtì díẹ̀ rẹ gọ́ọ̀mù àtijọ́, kí ẹ rọra ha á kúrò, torí pépà ojú sípíkà kì í pẹ́ ya. Gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò ni kí ẹ fi lẹ fóòmù tuntun náà. Súpàgúlù kọ́ o! Kò ní jẹ́ kí ẹ ráyè tún un tò; mo ti fi ba ọ̀kan jẹ́ rí. Kó tó gbẹ, ẹ máa tẹ àárín rẹ̀ wò bóyá ó ń ha. Ó di ọjọ́ kejì kí ẹ tó tan orin.

Tí ẹ bá ń so sípíkà padà, wáyà pupa sí ojú pupa, ní sípíkà méjèèjì. Bí ẹ bá ṣi ọ̀kan so, báàsì á kàn pòórá ni.