Bí A Ṣe Ń Wé Tiransífọ́mà Oníyíyí Láti Inú Ẹ̀rọ Tó Ti Kú

Ẹni tó bá ń tún àńpù tàbí rédíò ọkọ̀ ṣe mọ̀ pé kò dára kí a ti ẹ̀rọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe bọ iná lójijì, nítorí pé bí àṣìṣe bá ṣì kù nínú rẹ̀, yóò ti jó kí ọwọ́ tó kan súìṣì. Tiransífọ́mà oníyíyí ni a fi ń gbé iná sókè díẹ̀díẹ̀. Èyí tí wọ́n ń tà, tí kábọ́ọ̀nù rẹ̀ ń rìn lórí wáyà tí wọ́n wé mọ́ irin roboto, dára púpọ̀, ṣùgbọ́n wáyà kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, débi pé ẹni tó bá fọwọ́ kan ojú ìjáde rẹ̀ lè ti fọwọ́ kan iná ilé. Èyí tí a fẹ́ ṣe yìí yóò máa fi fóòlùtì 2 gòkè láti òdo dé 58, wáyà tó ń jáde kò sì so mọ́ èyí tó ń wọlé.

Ohun méjì ni kí ẹ wá lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀rọ àlòkù ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Ọjà Wándó ni èmi ti rí tèmi. Àkọ́kọ́ ni tiransífọ́mà inú ẹ̀rọ àtijọ́ tí a fi ń gba iná sí bátìrì ọkọ̀, tí irin àárín rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 3, tí àwọn irin pẹlẹbẹ rẹ̀ sì tò jọ nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5. Mẹ́ta lọ́nà márùn-ún jẹ́ 15. Bí ẹ bá fi 15 pín 45, tí í ṣe iye tí a máa ń lò fún irú irin yìí, ẹ ó rí 3, èyí tí í ṣe iye ìyípo wáyà tí fóòlùtì kan yóò gbà. Irú irin bẹ́ẹ̀ lè gbé nǹkan bíi wáàtì 150. Èkejì ni súìṣì oníyíyí méjì láti ara régulateur (ẹ̀rọ tí a fi ń tún fóòlùtì iná ilé ṣe) àtijọ́ tí a ń fi ọwọ́ yí. Ẹ má ra tiransífọ́mà inú régulateur náà, nítorí wáyà kan ṣoṣo ni òun pẹ̀lú ní. Ẹ sì yẹra fún ti máíkúróweefù: wọ́n ti jó àwọn irin rẹ̀ pọ̀, kapasítọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tó máa ń tọ́jú iná pamọ́, sì lè pa ènìyàn lẹ́yìn tí a ti yọ iná.

Kí ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ fi mítà yẹ̀ ẹ́ wò pé wáyà iná ilé kò kan irin, kò sì kan wáyà kejì, ti bátìrì. Ẹ wá ki wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní awọ gba àlàfo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ wé e lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹ tan iná, kí ẹ wọn fóòlùtì orí rẹ̀. Tèmi fi 3.3 hàn, èyí tó bá ìṣirò òkè yẹn mu. Bí tiyín bá yàtọ̀, ohun tí mítà sọ ni kí ẹ gbà.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ iná, ẹ fi ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ yọ àwọn irin náà níkọ̀ọ̀kan, ẹ tú wáyà bátìrì kúrò, ẹ má sì fọwọ́ kan ti iná ilé. Wáyà bàbà tó nípọn tó mìlímítà 1.2 ni kí ẹ wé dípò rẹ̀, sí apá kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Orí wáyà ni 8. Ní gbogbo ìyípo 6 ẹ lọ́ ọ jáde bí etí ehoro láìgé e, kí ẹ kọ 6, 4, 2 àti òdo sí wọn lára. Láti òdo yìí, ìyípo 30-30 ni kí ẹ máa wé kí ẹ tó tún lọ́ etí mìíràn jáde, títí tí ẹ ó fi ní 10 dé 50. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìyípo 174. Súìṣì kékeré ni ẹ ó so mọ́ 8 dé òdo, ńlá mọ́ òdo dé 50, àárín súìṣì méjèèjì sì ni ojú ìjáde. Ẹni tó fẹ́ fóòlùtì 36 yóò yí ńlá sí 30, kékeré sí 6.

Súìṣì ni mo ti jìyà. Èyí tí mo kọ́kọ́ lò wá láti ara ẹ̀rọ tí a fi ń yí fáànù òkè àjà. Kì í fi ojú kan sílẹ̀ kó tó gbá èyí tó kàn mú. Orí àti ìdí ìyípo 30 kan ara wọn fún ìṣẹ́jú àáyá kan péré, èéfín sì yọ lábẹ́ bébà tí mo fi bò ó. Nítorí náà ẹ fi mítà yí súìṣì yín wò kí ẹ tó so ó: láàárín ojú méjì, kò gbọdọ̀ kan ibì kankan. Bí ẹ kò bá rí irú rẹ̀, ojú ìsopọ̀ lásán àti wáyà méjì tí a ń fi ọwọ́ gbé kiri sàn jù ú lọ, bí ó tilẹ̀ ń gba àkókò.

Nígbà tí ẹ bá ń dá irin padà, ẹ jẹ́ kí irin kan tó rí bíi lẹ́tà E wá láti apá ọ̀tún, kí èyí tó kàn wá láti apá òsì, bẹ́ẹ̀ títí. Fíùsì áńpíà 1 yóò wà lójú ìwọlé, áńpíà 2.5 lójú ìjáde. Irin àti àpótí yóò so mọ́ wáyà ilẹ̀. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ fi gílóòbù àtijọ́ wáàtì 100, irú èyí tó máa ń gbóná, sí ojú ọ̀nà iná ilé. Bí ó bá tàn gan-an, àwọn wáyà kan ti kan ara wọn nínú. Bí ó bá ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan tó sì kú, ẹ lè yọ ọ́.

AC, iná tó ń lọ tó ń bọ̀, ni iná tó ń jáde. Fún rédíò ọkọ̀, tó ń fẹ́ iná bíi ti bátìrì, ẹ ó fi dáódù mẹ́rin àti kapasítọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé fóòlùtì 12 yóò di nǹkan bíi 16 lẹ́yìn kapasítọ̀ bí ẹrù kò bá tíì wà lórí rẹ̀, nítorí náà 8 ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ń kùn, ẹ tún bóòtì irin rẹ̀ fún le, tàbí kí ẹ ki ègé igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ ẹ̀gbẹ́ irin àárín.